Nǹkan ọkùnrin tí kò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́: ẹ yẹ òpó ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó ra oògùn

Bí nǹkan ọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láàárín eré, tàbí tí kò le tó bó ṣe ń le tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta agbo jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń kọ́kọ́ gbà lọ. Ẹni náà á ní ohun dídùn ló fà á, á bu páráágà sínú ife, á ní kó gbé e mì. Ìdajì òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun dídùn lè ba agbára ọkùnrin jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìdí ló ń gbà ṣe é. Inú òpó ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Agbo tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́ kò sì lè dé inú òpó ẹ̀jẹ̀ láti tún un ṣe.

Ẹni tí ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ni ọkùnrin tó wà ní Kábbà, Ìyàrà, Mọ́pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Lọ́kọ́ja tàbí abúlé tó yí wọn ká, tó ti rí i pé nǹkan ti yí padà lára òun, tó sì fẹ́ mọ ohun tó yẹ kó ṣe láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ni. Ẹni tó bá ń wá ohun tó máa ṣiṣẹ́ lálẹ́ òní nìkan á bá ọ̀rọ̀ oògùn ní ìsàlẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí tó wà láàárín.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mú un dìde

Inú nǹkan ọkùnrin rí bíi kànrìnkànrìn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí awọ líle kan wé mọ́. Nígbà tí ìfẹ́ bá dé, ọpọlọ á ránṣẹ́ gba ojú iṣan, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ á sì tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní nitric oxide. Èròjà yìí ló ń mú kí ẹran ara tó yí òpó náà ká dẹ̀. Òpó á ṣí, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wọlé, kànrìnkànrìn á kún, á sì fún àwọn òpó tó yẹ kó gbé ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́ ara awọ líle yẹn títí wọ́n á fi pa dé. Ẹ̀jẹ̀ tó há síbẹ̀ ló ń mú un le. Ohun méjì ló wá lè bàjẹ́ níbẹ̀: kí ẹ̀jẹ̀ má wọlé tó, tàbí kó wọlé kó tún máa jò jáde.

Ní ọdún 1998, Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí nitric oxide. Ọdún yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí sildenafil, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Viagra. Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń lo oògùn náà kò mọ̀ ni pé kì í ṣe òun ló ń pèsè nitric oxide. Ó kàn ń dí ohun tó máa ń pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ lọ́wọ́ ni. Bí awọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ kò bá tú èròjà náà jáde tó mọ́, kí ni oògùn fẹ́ dáàbò bò? Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá fínra láti ọdún pípẹ́ fi lè gbé e mì kó má rí ohun tó retí.

Ṣúgà tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá àti ọ̀rá inú ikùn ló ń ba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí jẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa rìn pọ̀. Ọ̀rá inú ikùn kì í jókòó lásán. Ó ń mú kí ínsúlíìnì má lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣúgà á wá máa ga. Ó tún ń sọ lára testosterone, èròjà ọkùnrin, di èròjà obìnrin. Ṣúgà tó ga náà á sì máa jẹ àwọn iṣan tó ń gbé ìránṣẹ́ ọpọlọ wá.

Ẹ wo ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn sí oko kajú. Bí ìdọ̀tí bá wọ inú táńkì rẹ̀, ẹnu tín-ín-rín tí omi ń gbà tú jáde ló máa kọ́kọ́ dí. Rọ́bà ńlá kò tíì mọ nǹkan kan. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí nǹkan ọkùnrin kò fẹ̀ ju mílímítà 1 sí 2 lọ. Àwọn tó ń bọ́ ọkàn tó mílímítà 3 sí 4. Ohun kan náà tó ń dí wọn á kọ́kọ́ hàn níbi tó kéré jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ọkàn wọn padà ṣàìsàn, nǹkan ọkùnrin ti ń kìlọ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì sí márùn-ún ṣáájú. Ìkìlọ̀ yìí ni ẹni tó ń fi páráágà bò ó mọ́lẹ̀ ń pàdánù, ó sì dùn wá púpọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ mú ìwé kékeré kan. Láràárọ̀, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀. 1: ó wú, kò le. 2: ó le díẹ̀, kò lè wọlé. 3: ó lè wọlé, àmọ́ kò le tán. 4: ó le gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá wà pẹ̀lú ìyàwó yín.

Nǹkan ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá máa ń dìde bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún lójú oorun. Bí ti àárọ̀ yín bá jẹ́ 4 àmọ́ tó ń rọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sún mọ́ ìyàwó, ó ṣeé ṣe kí òpó ẹ̀jẹ̀ dára. Ẹ wo ìbẹ̀rù, gbèsè, ìjà inú ilé tàbí ọ̀fọ̀. Bí ti àárọ̀ náà bá ti di 1 tàbí 2, tó sì jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan, òpó ẹ̀jẹ̀, iṣan tàbí testosterone ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Òru tí ẹ kò bá sùn dáadáa kò ṣeé fi dájọ́, ẹ kọ "kò sùn" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìrìn àjò tàbí ọtí kì í ṣe àìsàn. Èyí tó bá ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra fún oṣù mẹ́ta la ń sọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn nǹkan márùn-ún

Ẹni tí mẹ́ta nínú márùn-ún yìí bá ti kọjá ààlà lára rẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe ń lo oúnjẹ ti bàjẹ́, bí kò tilẹ̀ tíì rí àìsàn kankan.

Ìbàdí ni àkọ́kọ́, téèpù aránṣọ sì tó. Ẹ bọ́ ẹ̀wù. Ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ tún wá orí egungun ìbàdí. Àárín àwọn méjèèjì ni kí téèpù wà, kó dúró gbọọrọ yí ara ká. Ẹ mí jáde, ẹ má fa ikùn wọlé, kí ẹ wá kà á. Sẹ̀ǹtímítà 94, tó jẹ́ ínṣì 37, ni ààlà fún ọkùnrin ilẹ̀ wa. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn ka nọ́ńbà ṣòkòtò rẹ̀. Abẹ́ ikùn ni ọ̀pọ̀ ń de ṣòkòtò sí, nítorí náà ẹni tó ń wọ 34 lè ní ìbàdí 40.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni èkejì. Kò yẹ kí ẹ ti mu sìgá, kọfí tàbí jẹ obì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Kí aṣọ má sí lábẹ́ ìdè ẹ̀rọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Bí apá yín bá tóbi, ẹ béèrè ìdè ńlá, torí kékeré á mú kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe rí lọ. Ààlà fún ìṣirò márùn-ún yìí ni 130 lókè tàbí 85 nísàlẹ̀. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti oko tó ń mí gúlegúle kò gbọdọ̀ gba ìwọ̀n àkọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni ṣúgà àárọ̀. Omi nìkan fún wákàtí mẹ́jọ, ó kéré tán. Kò tó 100 mg/dL: ó dára. 100 sí 125: ó ti kọjá ààlà, ó ti ń yọ́ lọ sí ìtọ̀ ṣúgà. 126 sókè ní ẹ̀ẹ̀mejì: ìtọ̀ ṣúgà ni. Ẹ̀rọ míì á kọ mmol/L, níbẹ̀, 5.6 dúró fún 100, 7.0 sì dúró fún 126. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gún ìka, ẹ sì nù ún gbẹ. Lásìkò èso kajú àti máńgòrò, omi èso tó kù lọ́wọ́ lè sọ ṣúgà 95 di ohun tó ń dẹ́rù bani. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, kì í ṣe orí rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé pélébé ẹ̀rọ náà máa bàjẹ́, torí oòrùn wa ń tètè bà á jẹ́ tí ìgò rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún wà nínú àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀: triglyceride tó bá tó 150 mg/dL sókè, àti HDL, ọ̀rá rere, tó bá wà lábẹ́ 40. Ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà. Ọ̀rá máa ń béèrè lábù tó tóbi díẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìrìn àjò kan, kí ẹ dé Kábbà, Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Lọ́kọ́ja láìjẹun, kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Ẹ sọ pé kí wọ́n fi HbA1c kún un, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta (5.7 sí 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìkìlọ̀, 6.5 sókè ni ìtọ̀ ṣúgà), àti testosterone. Àárọ̀ ni testosterone máa ń ga jù, ẹni tó bá gbà á lọ́sàn-án lè rí nọ́ńbà tó kéré kó sì máa sọkún lásán. Bí ó bá wà lábẹ́ 300 ng/dL, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe ní àárọ̀ míì kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kó gbogbo oògùn yín lọ bá dókítà

Sínú àpò kan ni kí ẹ kó wọn sí, àti agbo. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, pàápàá àwọn tó ń mú ènìyàn tọ̀ púpọ̀ àti àwọn bíi atenolol àti propranolol, lè dín agbára ọkùnrin kù. Àmọ́ ẹ má fúnra yín dá wọn dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò lóògùn ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ju oògùn lọ, ó sì lè mú rọpárọsẹ̀ wá. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìtijú. Oríṣi míì wà tí kì í fa ìdíwọ́ yìí. Tramadol tí àwọn kan ń lò kí wọ́n lè pẹ́ lórí ìyàwó tàbí kí wọ́n lè ro oko láìrẹ̀ ń fa testosterone sílẹ̀ bí ó bá pẹ́. Ẹni tó ti bá a lára kò gbọdọ̀ já a lójijì. Ó nílò ìrànlọ́wọ́ láti dín in kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oúnjẹ

Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ọmọ Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, pé kó má jẹ iyán mọ́. Ìwọ̀n àti ètò jíjẹ ni ọ̀rọ̀. Ẹ di ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ́: bí ẹ̀ṣẹ́ yẹn ṣe tóbi tó ni òkèlè yín fún ìgbà kan. Ẹ fi ẹ̀fọ́ kún ìdajì àwo (tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewúro, ilá, ohun tó bá wà lásìkò), kí ẹja, ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹran tí kò lọ́ràá gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè. Ètò yìí nìkan ń dín bí ṣúgà ṣe ń fò sókè lẹ́yìn oúnjẹ kù, kò sì náni ní kọ́bọ̀ kan.

Ọ̀pọ̀ gbà pé àmàlà tàbí òkèlè wíìtì kò lè gbé ṣúgà sókè. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òkè àmàlà méjì borí òkèlè iyán kékeré kan nínú ìpalára. Ẹ fi ṣíbí epo kan mọ fún ẹnìkan nínú ọbẹ̀. Wàrà tí a kò dín sàn ju èyí tí a dín lọ, torí ó máa ń mu epo bíi kànrìnkànrìn. Iyọ̀ gbogbo ọjọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan tó tẹ́ lọ, èyí tó wà nínú Maggi sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgò mínírà ni ẹ ti máa rí ìwọ̀n ṣúgà rẹ̀ ní gíráàmù. Ẹ fi 4 pín in, ẹ ó mọ iye kóró ṣúgà tí ẹ ń mu. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ padà sídìí rẹ̀.

Bí ẹ bá sanra, àfojúsùn ni kí ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara yín lọ. Ẹni tó wọn kílò 95, kílò 5 sí 9 ni. Ní Ítálì, ìwádìí kan tó jáde ní 2004 tẹ̀lé ọkùnrin 110 tó sanra fún ọdún méjì. Nínú 55 tí wọ́n kọ́ ní oúnjẹ àti eré ìdárayá dáadáa, agbára 17 padà bọ̀ sípò. Nínú 55 yòókù, 3 péré ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìrìn

Ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. Kí ó yá débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ àmọ́ ẹ kò lè kọrin. Ẹsẹ̀ ni àwọn bàbá wa fi ń lọ oko, ọ̀kadà ló ń gbé wa lọ báyìí, a sì ń jókòó ní gbogbo àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Oko ríro jẹ́ eré ìdárayá gidi, àmọ́ oṣù mélòó ló fi ń wáyé lọ́dún? Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí ó tó dé oko, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Ẹni tó wà ní Lọ́kọ́ja kò gbọdọ̀ fi Òkè Pàátì bẹ̀rẹ̀. Ojú ilẹ̀ tó tẹ́ ni kó fi oṣù kìíní rìn. Bí àyà bá ń fún yín nígbà tí ẹ bá ń rìn, ẹ dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ẹ fi eré ìdárayá ẹran ara abẹ́ kún un, torí ẹran ara yìí ló ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti há sínú. Ẹ fún ibẹ̀ pọ̀ bíi ẹni tó ń dá ìsó dúró. Nǹkan ọkùnrin yẹ kó mì díẹ̀. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10, ẹ tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá ń fún ikùn tàbí ìdí, tàbí tó ń sé èémí, kò tíì rí ibẹ̀.

Ẹ fi sìgá sílẹ̀ pátápátá. Ògógóró àti páráágà ń mú kí iṣan kú tipiri lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ń ba testosterone jẹ́ bó bá pẹ́. Oorun wákàtí méje ni kí ẹ máa wá. Bí ìyàwó bá sọ pé ẹ máa ń han-an-run tí èémí yín á sì dá dúró kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Oògùn, fún ẹni tí dókítà bá fọwọ́ sí fún

Ẹ kọ́kọ́ dán ọkàn wò: bí ẹ bá lè rin máìlì kan ní ogún ìṣẹ́jú láìsí ìrora àyà tàbí kí èémí há, ọkàn yín sábà máa ń gba ìbálòpọ̀. Sildenafil 50 mg ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, 25 mg fún ẹni tó ti lé ní ọdún 65. Wákàtí kan ṣáájú, ẹ̀ẹ̀kan péré lóòjọ́. Ó máa ń kùnà fún ìdí tó rọrùn: ẹ gbé e mì lórí iyán àti ẹ̀gúsí tó kún fún epo, èyí á dá a dúró fún nǹkan bí wákàtí kan sí i, tàbí ẹ jókòó dè é láìfọwọ́ kan ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ló ń ṣí i. Tadalafil, oògùn míì tó ń ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀, kò bìkítà fún oúnjẹ, ó sì lè wà lára títí dé wákàtí 36. Ẹ dán an wò ní ọjọ́ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ń lo oògùn àyà bíi isosorbide tàbí nitroglycerin KÒ GBỌDỌ̀ fọwọ́ kan sildenafil tàbí tadalafil. Oògùn àyà àti oògùn yìí lè jọ mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ débi ikú. Ohun tó mú agbo mánpáwà léwu nìyí: wọ́n ti rí sildenafil tí wọ́n fi pamọ́ sínú irú rẹ̀ kiri ayé, ẹni tó ń mu ún kò sì mọ̀. Bí àyà bá fún yín nígbà ìbálòpọ̀, ẹ dúró, ẹ sọ orúkọ oògùn tí ẹ mu àti aago tí ẹ mu ún fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà yín nílé ìwòsàn. Nǹkan ọkùnrin tó bá le ju wákàtí mẹ́rin lọ láìrọ̀, ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ mọ èyí ju gbogbo ènìyàn lọ, torí ó lè ṣẹlẹ̀ sí i láìlo oògùn rárá.

Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mọ̀. Òun ló ń se oúnjẹ ní ọ̀pọ̀ ilé, òun ló sì ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń sùn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò bá sọ nǹkan kan fún sábà máa ń rò pé obìnrin míì ló wà níta.

Lóṣù kẹta, ẹ tún wọn ìbàdí àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ tún gba HbA1c àti ọ̀rá. Ẹ má gba HbA1c ṣáájú ìgbà yẹn, kò ní tíì fi gbogbo iṣẹ́ yín hàn. Lóṣù kẹfà, ẹ gbé ìwé kékeré yẹn lọ bá dókítà. Bí nọ́ńbà àárọ̀ bá ti kúrò ní 2 bọ́ sí 3, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí ìbàdí àti ṣúgà bá ti sọ̀ kalẹ̀ àmọ́ tí nọ́ńbà kò mì, ẹ béèrè fún dókítà ìtọ̀ àti abẹ́, kí ó yẹ iṣan wò, kí ó sì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wọlé àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ẹ̀gbẹ́ nǹkan ọkùnrin, èyí tó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ tí oògùn ẹnu kò ràn lọ́wọ́.